Owó Àtíbàbà Ọjọ́ Ìdìbò

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ dìbò kánsẹ́lọ̀ ní Agége, Màmá Àbẹ̀kẹ́ ti wọ aṣọ tán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni màmá yìí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ Modinat ló ń gbé lẹ́yìn Dópẹ́mù. Ó fẹ́ràn Dàwódù, ọkọ Modinat, bí ẹni pé òun ló bí i.

"Ọkọ mi," ó pe Dàwódù, "ṣé ẹ̀yìn Akínfẹ́nwá ni ìwọ náà máa tò sí?"

"Ha, Màmá! Èmi tí wọ́n fi ṣe alábòójútó ibùdó ìdìbò? Mi ò gbọdọ̀ wí." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà lọ tò dáadáa."

Ayé ìjọba sójà ni, lọ́dún 1990. SAP, ètò ọrọ̀ ajé líle tí ìjọba gbé dé, ti gbọn àpò mẹ̀kúnnù gbẹ. Ẹ̀rọ omi àdúgbò ti kú, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan lọ́nà jíjìn ni wọ́n ti ń lọ pọn omi. Akínfẹ́nwá nìkan ló wá wo ẹ̀rọ náà nínú àwọn méjì tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀, ó sì ṣèlérí pé òun á tún un ṣe. Orúnkún Màmá kò gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ ilé dé ilé, tó ń bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n jáde.

Ìjọba fi owó ránṣẹ́ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan kí ìdìbò lè rọrùn: kí wọ́n háyà àtíbàbà àti bẹ́ǹṣì, kí wọ́n sì ra omi mímu. Owó ibùdó tiwọn wà lọ́wọ́ Dàwódù. Kì í ṣe olè, ẹ má ṣì í gbọ́ o. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ n'Ìkẹjà ni, ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń gùn ún. Ó ti pẹ́ tí Modinat ti ń wá fìríìjì tó máa fi ta ẹlẹ́rìndòdò. Dàwódù wo owó náà, ó ní, "Ìdìbò ọjọ́ kan ṣoṣo! Oòrùn Agége kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn." Bó ṣe fi owó àtíbàbà ra fìríìjì tòkunbọ̀ nìyẹn. Ó sọ fún Modinat pé bọ́nọ́ọ̀sì ìparí ọdún ni.

Títò ni ìdìbò ìgbà náà. Ẹ̀yìn àwòrán ẹni tí o bá fẹ́ ni wàá dúró sí, wọn á sì ka orí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, oòrùn ti mú gan-an. Àwọn géńdé ló pọ̀ lẹ́yìn ẹnìkejì, ṣùgbọ́n àwọn ìyá arúgbó ló kún ẹ̀yìn Akínfẹ́nwá, òòyì sì ti ń kọ́ àwọn mìíràn. Màmá Àbẹ̀kẹ́ ṣàánú wọn.

"Ẹ fi nǹkan sílẹ̀ kó di àyè yín mú," ni ó wí, "bí a ṣe máa ń fi kẹ́ẹ̀gì tò nídìí omi. Ẹ jẹ́ ká lọ simi lábẹ́ ibòji ògiri yẹn."

Ní ìdí omi, kẹ́ẹ̀gì rẹ ni ìwọ, kò sẹ́ni tó máa gba àyè rẹ. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀, àwọn mìíràn gbé òkúta sí àyè wọn, wọ́n sì lọ. Káàdì ìdìbò ni Dàwódù ń yẹ̀ wò lápá kejì, kò rí wọn.

Stella, olùkọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ìdìbò níbẹ̀, fọn fèrè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn ìyá sáré bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ dúró níbẹ̀," ni Stella wí. "Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹnikẹ́ni ò lè wọ ìlà mọ́."

"Bàtà mi nìyẹn! Àyè mi nìyẹn!"

"Màmá, bàtà kì í dìbò. Orí ènìyàn tó dúró ni mò ń kà. Ó dùn mí, àmọ́ òfin ni."

Ènìyàn díẹ̀ ni ẹnìkejì fi ju Akínfẹ́nwá lọ. Àwọn tó wà lábẹ́ ògiri pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Stella yíjú sí Dàwódù. "Àtíbàbà dà? Tìtorí irú àwọn ìyá wọ̀nyí ni ìjọba ṣe fowó sílẹ̀."

Modinat tó wà láàárín èrò gbọ́. Ó káwọ́ lérí, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Quadri, bọ́nọ́ọ̀sì tí ẹ wí ńkọ́?"

Dàwódù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. "Màmá, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fi ra fìríìjì."

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè?" ni Màmá wí.

"Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè," Stella dáhùn. "Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ìdìbò, ẹ bi wọ́n pé kí ni owó ibùdó yín wà fún, ta ló sì gbà á. Bí ẹ ò bá rí nǹkan náà, ẹ fẹjọ́ sùn kíákíá."

Wọ́n ta fìríìjì náà, owó padà sí ọ́fíìsì, wọ́n sì yọ orúkọ Dàwódù kúrò nínú iṣẹ́ ìdìbò títí láé. Ṣùgbọ́n èsì ìdìbò kò yí padà, ẹni tó wọlé kò sì yà sídìí ẹ̀rọ yẹn rí. Dàwódù ló ń pọn omi Màmá láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Màmá á fọwọ́ pa á lórí, á ní, "Ọlọ́run á gbè ọ́, ọkọ mi." Àdúrà yẹn a máa dùn ún ju èébú lọ, nítorí ó mọ̀ pé òun ò lè pọn omi fún gbogbo àwọn ìyá tó kù.

Ẹ̀yin ará, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ béèrè owó ìdìbò àdúgbò yín, ẹ má sì kúrò lórí ìlà kí wọ́n tó kà yín. Ẹ̀yin tí wọ́n fi owó náà sí lọ́wọ́, ẹ ná an síbi tí wọ́n ní kí ẹ ná an sí. Ìyá ẹnìkan ló wà nínú oòrùn yẹn.