Nọ́ọ̀tì Kan Nínú Abọ́ Irin

Ẹnu ẹ̀rọ ti ń pa dé lórí fáànù àtijọ́ kan nígbà tí ọmọbìnrin náà sáré wọ àgbàlá, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wa ẹ̀rọ náà dá ẹ̀rọ dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rún fáànù, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ tí àwọn ènìyàn kó dànù.

"Ṣé ayé sú ọ ni?"

"Ayé ò sú mi. Kò sì tíì sú fáànù yẹn náà. Gbé e fún mi."

"Ó ti kú, àǹtí."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwọ, Rúnwómúwómú?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà ti rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀. Wáyà pupa ni ọmọbìnrin náà fi di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbé fáànù náà fún un.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá ọmọbìnrin náà wà ní òdìkejì títì. Wọ́n ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe níbẹ̀, wọn a sì tà á. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀dọ́kùnrin náà ti ń ya èyí tó ṣì dára sọ́tọ̀ lẹ́bàá ọgbà. Ọmọbìnrin náà a wá kó wọn, a sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"O tún kó nǹkan pamọ́ fún mi."

"Ta ni mo tún ní, ẹyinjú mi?"

"Ẹnu rẹ mú ju ẹnu ẹ̀rọ rẹ lọ."

Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n má rún ohun tó ṣeé tún ṣe mọ́. Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ọ̀dọ́kùnrin náà tú nọ́ọ̀tì kan lára ọwọ́ ẹ̀rọ, ó fi í sápò àyà. Bàbá rẹ̀ ló wa ẹ̀rọ náà ṣáájú rẹ̀.

Bàbá náà wá iṣẹ́ fún un ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ṣì ti ń rún irin.

"Àwọn tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ, ọmọ wọn lo fẹ́ fi ṣaya?"

"Bàbá, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

"Pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ fífọ́ nìkan?"

Ìyá ọmọbìnrin náà kò rọ̀ jù ú lọ. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá tú nǹkan ni yóò tò ó padà, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù nínú abọ́.

"Bó bá tò ó pé, ó wọlé. Bí kò bá pé, kó bá bàbá rẹ̀ lọ. Èmi ò ní fọmọ fẹ́ni tí kò níṣẹ́."

Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àpò ìrìnàjò ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà tú fáànù kan, ó kó nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú abọ́ irin. Òógùn bò ó. Bó ti tẹ̀ba, ohun kan yọ́ bọ́ láti àpò àyà rẹ̀ sínú abọ́. Kò mọ̀.

Ó tò ó tán. Fáànù náà yí. Nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù.

Ó gbé fáànù náà yẹ̀ wò títí, kò rí ihò tó ṣófo. Ìyá ọmọbìnrin náà mi orí. Ọmọbìnrin náà kọjú sí ògiri.

Ohun tí Bàbá ń fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, bó bá ti lè dákẹ́. Ó dìde, ó mú nọ́ọ̀tì náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún.

"Ìyá, ẹ má bínú. Eléyìí kì í ṣe ti fáànù yẹn."

"Ti kí ni?"

"Ti ọwọ́ ẹ̀rọ wa. Èmi ni mo dè é. Ẹ wo ibi tí sípánà mi ti họ ọ́." Ó wo ọmọ rẹ̀. "O yọ ọ́?"

"Mo fẹ́ mú nǹkan yín dání ni, Bàbá."

Ìyá ọmọbìnrin náà ní ó tò ó pé, kó wọlé. Bàbá gbé àpò náà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tì í sábẹ́ tábìlì.

"Ìyàwó wa," ó sọ fún ọmọbìnrin náà, "má jẹ́ kó máa fọ́ nǹkan o."

"Bó bá fọ́ ọ, Bàbá, òun náà ni yóò tún un ṣe."

Wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tí òjò dáwọ́ dúró. Lọ́dún kan náà, wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n yọ́ irin rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Nọ́ọ̀tì kan ló ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ó wà nínú abọ́ irin, lórí tábìlì.