Aago Inú Garawa

Bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé wọlé, kí ẹni tó ni ín tó gba ẹnu ọ̀nà.

Ó balẹ̀ gbì sórí tábìlì olùkọ́bìnrin tuntun, ó da ife tíì rẹ̀ nù, ó sì yí gbirigbiri lọ sábẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Ẹ̀kọ́ ìlera àti ìgbé ayé ni obìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà: bí ara ṣe ń yí padà, bí èèyàn ṣe ń bá ọ̀rẹ́ gbé, bí a ṣe ń sọ pé rárá láìtọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti ya ara ọkùnrin gàdàgbà sójú pátákó láti orí dé àtàǹpàkò, kò sì fi nǹkan kan bo nǹkan kan.

Ọkùnrin gíga kan tó fi fèrè kọ́rùn yọjú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, bọ́ọ̀lù wa..."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí pátákó. Kíá ló yíra padà, ó kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Fèrè, ẹ̀yin náà ní in o!" Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Agbẹnusọ ló kígbe bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìn, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Olùkọ́bìnrin náà gbé bọ́ọ̀lù lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. "Ẹ yíjú síbí, ọ̀gá. Nínú yàrá yìí, ara kì í ṣe ohun ìtìjú."

"Ó yé mi, àǹtí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ògiri máa bá mi gbọ́ ọ ná."

Ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ sọ obìnrin náà ní Àǹtí Ara. Nígbà tí iléèwé sì parí, Ọ̀gá Fèrè, olùkọ́ eré ìdárayá, wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ife tíì gbígbóná lọ́wọ́, ó ń fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń tu ọmọ nínú. "Bọ́ọ̀lù mi ló jẹ̀bi," ló wí. "Èmi ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún un."

Báyìí ni tíì ṣe ń fa tíì, títí "ẹ" fi di "ìwọ", tí "ọ̀gá" sì di "olólùfẹ́ mi".

Inú ìyá Àǹtí Ara kò kọ́kọ́ dùn sí i. "Olùkọ́ eré ìdárayá? Ẹni tó ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síbi iṣẹ́ oṣù?"

"Màmá, èmi gan-an ńkọ́? Kí lẹ máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ yín pé mò ń kọ́ ọmọ?"

Ìyá wúkọ́. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ìṣirò ni mo máa ń sọ fún wọn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọ̀gá Fèrè ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ọkàn mi, ohun kan wà tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó jẹ́ hẹ̀n fún mi."

"Ṣé o ti níyàwó ni?"

"Ó burú ju ìyẹn lọ. Atọ̀ọ́lé ni mí tẹ́lẹ̀. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi, mo ṣì ń tọ̀ sílé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ bí ìyá rẹ̀, aránṣọ, ṣe ra aago láti máa jí i lóru, àmọ́ oorun rẹ̀ wúwo bí òkúta. Ni ìyá bá gbé aago náà sínú garawa irin, ó gbé garawa sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Tí aago bá dún, àfi bíi pé ilé ń wó. Bí aago bá sì kùnà, ìyá á fọ aṣọ ibùsùn kí ará ilé tó jí, á sá a sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kí ojú ayé má bàa rí i.

"Kò pariwo mọ́ mi rí," ni Ọ̀gá Fèrè wí. "Òun nìkan ló mọ̀. Ìwọ ló ṣìkejì."

Àǹtí Ara di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìfẹ́ ọkùnrin náà kún inú rẹ̀ débi pé omi lé sójú rẹ̀. "Inú mi ló máa sùn sí," ló wí. Ó sì dá a lójú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ẹ ò rí ayé! Òfin kan wà lára ògiri kíláàsì Àǹtí Ara, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́: Ohun tí a bá sọ níbí, ibí ni yóò sùn. A kì í dárúkọ ẹni. Abẹ́ òfin yìí gan-an ni ó dúró sí lọ́jọ́ tí Agbẹnusọ nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ṣé òótọ́ ni pé ọ̀lẹ làwọn tó ń tọ̀ sílé?"

Ẹ̀rín ta. Gbogbo kíláàsì ló rẹ́rìn-ín, àyàfi ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Àǹtí Ara rí i. Àánú sì gbé e lẹ́sẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé.

"Ẹ dákẹ́! Mo mọ ọkùnrin kan. Akọni ni, ara rẹ̀ le koko, ẹ̀yin gan-an ò tó bá a sáré. Ó tọ̀ sílé títí ó fi dàgbà. Ìyá rẹ̀ á gbé aago sínú garawa irin kó lè rí i jí..."

Àwọn ọmọ ìlà iwájú wo ojú ara wọn. Ọ̀kan fọwọ́ bo ẹnu. Àǹtí Ara rò pé ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ wọ́n lára.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé ló wà ní ìlà iwájú yẹn. Nígbàkígbà tí wọ́n bá lọ sùn níta fún ìdíje, aago inú garawa ni Ọ̀gá Fèrè fi ń jí wọn. Kò sì yé wí fún wọn pé, "Bí ìyá mi ṣe ń jí mi nìyí."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Fèrè fọn fèrè lórí pápá. Ẹnikẹ́ni kò sáré. Garawa kan ń fì dirodiro lára òpó ojú ilé bọ́ọ̀lù, aago sì wà nínú rẹ̀. Ó dún. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, àwọn kan tiẹ̀ ń yí nílẹ̀.

"Ẹ dìde, Ọ̀gá! Ilẹ̀ ti rin!"

Láti ojú fèrèsé, Àǹtí Ara rí i tí fèrè já bọ́ lẹ́nu ọkùnrin tó fẹ́ràn. Ọkùnrin náà kò wo àwọn ọmọ. Àǹtí Ara ló wò.

Ìtìjú dà bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sáré jáde, ó bá a lẹ́nu ilé ìkóbọ́ọ̀lù-sí.

"Ṣé o dárúkọ mi?" Jẹ́jẹ́ ló béèrè. Ì bá sàn kó pariwo.

"Rárá! Mo fi... Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O káre," ló wí. "O pa òfin rẹ mọ́." Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ yẹn, ó di pé Àǹtí Ara ń gba ẹ̀yìn ilé wọ iléèwé. Tíì kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ojú ń tì í láti wo ògiri ara rẹ̀ níbi tí òfin wà. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé orí ń fọ́ òun. Ìyá wò ó títí. "Orí kọ́ ni," ló wí. "Orí fífọ́ kì í mú kéèyàn máa yẹra fún dígí. Ẹni tó o ṣẹ̀, lọ bá a."

Ó kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ìyá Ọ̀gá Fèrè lọ. Obìnrin náà kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ ń lọ taratara.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Ọmọ ará ilé kejì ló wá sọ fún mi," ni ìyá wí. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jí ṣáájú oòrùn torí aṣọ yẹn, ìwọ lo wá sá a síta fún mi."

Àǹtí Ara kúnlẹ̀. "Ọmọ kan ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Màmá. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni."

Ẹ̀rọ dúró. "Mo gbọ́. O fi aṣọ ọmọ mi nu ojú ọmọ ẹlòmíì. Ojú ọmọ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi wà ní ìhòhò báyìí."

Omijé Àǹtí Ara ń kán sórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ìyá pè é padà.

"Ẹ̀kọ́ kí lo tiẹ̀ ń kọ́ wọn gan-an?"

"Ìlera, Màmá... àti bí a ṣe ń bára ẹni gbé."

"Hùn-ún." Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. "Máa kọ́ wọn lọ. Kí ìwọ náà máa gbọ́."

Nígbà tí kíláàsì tún pé, Àǹtí Ara kò ya nǹkan kan sójú pátákó. "Mo ti rú òfin wa," ló wí. "Mo sọ ìtàn ẹni tí kò rán mi níṣẹ́."

"Ẹ ò ṣáà dárúkọ, àǹtí," ni Agbẹnusọ wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mo fi orúkọ nìkan sílẹ̀, mo kó gbogbo ara tó kù fún yín. Ta ni kò dá a mọ̀ nínú yín?" Àwọn ọmọ ìlà iwájú tẹjú mọ́ tábìlì. "Ohun tó ṣe é nígbà èwe kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tí mo ṣe sí i ni ohun ìtìjú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì so garawa, ẹ mọ ara yín."

Agbẹnusọ ló kọ́kọ́ dìde. Kò sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an sì ya gbogbo wọn lẹ́nu. Ó lọ tú garawa tó ṣì so mọ́ òpó lórí pápá sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àǹtí Ara bá Ọ̀gá Fèrè níbi tó ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bọ́ọ̀lù nínú ilé ìkóbọ́ọ̀lù-sí.

"Mo ti sọ fún wọn pé mo jẹ̀bi."

"Mo gbọ́. Agbẹnusọ ti wá rò ó fún mi, ó tún ń sín ohùn rẹ jẹ."

"Olólùfẹ́ mi, èmi náà ní nǹkan kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀. Màmá mi gan-an ò mọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ, kí ọ̀rọ̀ wa lè dọ́gba."

Ọkùnrin náà fi ìka kan bo ètè rẹ̀. "Má sọ ọ́."

"O ò fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Mi ò fẹ́ gbà á bí owó ìtanràn. Ọjọ́ tó bá wù ọ́ lásán, tó ò jẹ̀bi ohunkóhun, kó o wá sọ ọ́."

"Ṣé ọjọ́ yẹn ṣì wà níwájú wa?"

Ọkùnrin náà ń fọwọ́ tẹ bọ́ọ̀lù wò bóyá ó ti le. "Inú ṣì ń bí mi. Yóò ṣì máa bí mi fúngbà díẹ̀."

"Máa bínú. Mo wà níbí."

"Ẹni tó ń bínú náà ń mu tíì," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe padà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó rọ́ ṣe ń kọ́ ìrìn. Lọ́jọ́ kan, láti ojú fèrèsé, Àǹtí Ara rí ọmọ tó tẹrí ba nínú kíláàsì níjọ́sí. Ó jókòó ti Ọ̀gá Fèrè lórí àtẹ̀gùn pápá, ó ń sọ nǹkan fún un, Ọ̀gá Fèrè sì ń mi orí. Àǹtí Ara fa aṣọ bo fèrèsé. Kò béèrè ohun tí wọ́n sọ, títí dòní.

Nígbà tó tó àsìkò ìgbéyàwó, ìyá aránṣọ ní òun lòun máa rán aṣọ ìyàwó. Ó ń fi abẹ́rẹ́ mú un níbàdí, Àǹtí Ara kò dúró sójú kan.

"Dúró jẹ́ẹ́, mi ò ní gún ọ." Ìyá já òwú pẹ̀lú eyín.

"Màmá mi, ojú ṣì ń tì mí," ni ìyàwó wí.

"Ó dáa kó máa tì ọ́ díẹ̀. Ẹni tójú ń tì kì í sọ̀rọ̀ jù." Ó na aṣọ náà lé e léjìká, ó tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà, mo ti bò ọ́."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó ń fi ọkọ ọmọ rẹ̀ han àwọn ọ̀rẹ́: "Olùkọ́ lòun náà. Ìṣirò."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oòrùn ti yọ kí aago inú garawa tó dún bí ilé tó ń wó. Ìyàwó fò sókè. Ọkọ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ ìbora.

"Olówó orí mi, kò síṣẹ́ lónìí! Kí lo ní kó wá jí wa fún?"

"Kí n lè wo ojú rẹ pẹ́ títí ni."

Obìnrin náà wò ó. Kò jẹ̀bi ohunkóhun láàárọ̀ yẹn. Ó kàn wù ú ni. Ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ gan-an kò mọ̀ fún un.

Mo mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí rẹ̀ lẹ́nu mi, ẹ má sì bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́ láìdárúkọ. Inú yàrá yẹn ló sùn sí.