Ẹ̀mí Inú Agunkè

Búréèkì agunkè, ọkọ̀ agun-òkè tí Adéọ̀ṣun ń wà, tún ti ń mú fúnra rẹ̀. Ìbídùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ mẹkáníìkì àgbà ní gáréèjì Òkè-Eréjà, ti tún un ṣe títí ó fi sú u. Ibì kan náà ni wàhálà ọ̀hún ti ń ṣẹlẹ̀: ìkòríta ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ilé-ìwòsàn ti yà kúrò lára ọ̀nà ìlú. Bí agunkè bá ti dé ibẹ̀, yóò gbọ̀n rìrì, yóò fẹ́ dúró, kó tó tún máa lọ. Ìbídùn wọ abẹ́ rẹ̀, ó tú èyí, ó dè tọ̀hún, kò rí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó dẹ búréèkì náà débi pé àfi kí ènìyàn fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó lè mú. Agunkè kò gbọ̀n mọ́. Inú Ìbídùn dùn, ó wá omi fọwọ́.

Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, òjò ti jẹ gbogbo ọ̀dà títì tán. Ìsàlẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn ènìyàn sì ti kó gun orí àpáta. Agunkè ló so wọ́n mọ́ ayé: ọkọ̀ gàgàrà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi píkọ́ọ̀pù àwọn baba ńlá wa, ṣùgbọ́n tí táyà rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, tó sì ń fi okùn irin gun ibi tí ewúrẹ́ gan-an ń bẹ̀rù. Oògùn, iyọ̀ àti epo ló ń gbé. Àwọn onímọ̀ sì ti fi ọpọlọ kan sínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Amọ̀nà, tó lè dá wa ọkọ̀ náà láìsí awakọ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Baálẹ̀ Fátúnàṣẹ, olórí Òkè-Eréjà, ní ọkọ̀ tí kò bá ní ẹ̀mí ènìyàn nínú kò gbọdọ̀ gun òkè òun. Ọ̀kan ti tẹ ọmọ kan pa rí, kò sì sí ẹni tí wọ́n rí bá wí. Ọ̀mọ̀wé Jọlàádé, ẹni tó ṣe agunkè, bá a fa ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó ní ènìyàn ló ń sùn nídìí sítíárì, ẹ̀rọ kì í sùn.

“Bó bá tún pa wá lọ́mọ, ta la máa mú?” ni Baálẹ̀ bi í.

Ọ̀mọ̀wé bá gbà. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ ìjókòó awakọ̀ tó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ọkàn kò bá lù, ọkọ̀ kò ní rìn. Bí awakọ̀ bá wá dákú láàárín ọ̀nà ńkọ́? Kí ọkọ̀ má baà kú sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó so nǹkan kejì mọ́ ọn tó pè ní aṣọ́ẹ̀mí: àwọn rọ́bà tín-ín-rín tí yóò wọ ara ẹni tó dákú, tí yóò máa fún un ní omi, oúnjẹ àti atẹ́gùn títí ọkọ̀ yóò fi délé. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ọkọ̀ ń pè nílé.

Ohun tó tún wá bo ọ̀ràn yìí mọ́lẹ̀ ni pé àwa Yorùbá fẹ́ràn ẹni tó mọ̀ ọ́n kí. Láti ìgbà tí òjò ti dá ni Adéọ̀ṣun kì í ti í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ibùsùn àti oúnjẹ wà nínú agunkè, dígí rẹ̀ sì dúdú nítorí oòrùn. Àmọ́ kò sí ẹni tí kì í kí. Ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú gbohùngbohùn ọkọ̀: ó ń kí òṣìṣẹ́ kú iṣẹ́, ó ń kí ìyá ọmọ tuntun kú ewu, ó ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ kú ìjókòó. Àwọn ìyá àgbà ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tiwọn lọ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ìbídùn nìkan ni inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Òun àti àbúrò rẹ̀ ti jà rí pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì rò pé ìbínú ni kò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ìyá wọn kú, ó lọ dúró ti dígí dúdú náà, ó túfọ̀ fún un. Ohùn inú ọkọ̀ ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọlọ́run á dá àwọn tó kù sí. Ó dun Ìbídùn pé kò sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé ìsìnkú, agunkè tún ń kọjá níwájú gáréèjì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ńkọ́? Màmá ńkọ́? Ṣé ara wọn le?”

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùn. Ọkọ̀ kò dúró gbọ́ èsì.

Ó pe Ọ̀mọ̀wé lórí rédíò. Jọlàádé ní kò séwu, ọkàn Adéọ̀ṣun ń lù, òun ń wò ó lórí dígí ẹ̀rọ òun lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ̀mí wà nínú ọkọ̀, òfin ìlú sì dúró.

“Mi ò bi yín léèrè ọkàn,” ni Ìbídùn wí. “Àbúrò mi ni mo bi yín.”

Ó ki rédíò sápò, ó lọ sọ fún Baálẹ̀.

Nílùú, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ṣí agunkè. Ó ń dúró fún ẹrù àti àtúnṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò ṣí lọ. Ibì kan ṣoṣo ni kò ti lè ṣí lọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ní Àkàbà, àpáta kan tó ṣe gánnagànna bí àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń ju okùn irin rẹ̀ kọ́ òpó kó tó lè sọ̀ tàbí gùn. Ìbídùn mú píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà ní gáréèjì, èyí tí kò ní Amọ̀nà kankan. Baálẹ̀ Fátúnàṣẹ wọlé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní òfin òun ni, òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Kùrukùrù ọyẹ́ bo òkè. Ìbídùn tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ kó lè di òkúta mú, ó ki ọkọ̀ sí jíà tó lágbára jù, ó sì ń rọra bá a sọ̀ láti òkúta dé òkúta. Níbi tí ọ̀nà ti há, Baálẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ń rìn ṣáájú, ó ń fọwọ́ júwe ibi tí táyà yóò gbà. Ọwọ́ òsì ọ̀gbun ni, ọwọ́ ọ̀tún ògiri àpáta. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí ọkọ̀ sì yà sí ọ̀gbun. Ìbídùn kò tẹ búréèkì, ó fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tún di ilẹ̀ mú. Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan níwájú nínú kùrukùrù.

“Ẹ kú ìjókòó o. Ilé ńkọ́?”

Kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àwọn òkúta tó tò sẹ́bàá ọ̀nà ni ohùn Adéọ̀ṣun ń kí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Baálẹ̀ padà wọ inú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n bá a ní Àkàbà bó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so okùn rẹ̀ tán. Ìbídùn sáré, ó ki irin bọ ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń fipá ṣí i. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ń kí i kú iṣẹ́. Ilẹ̀kùn já. Òórùn bí omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan jáde lù ú.

Adéọ̀ṣun wà nínú bẹ́líìtì, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dé àyà, ara rẹ̀ ti gbẹ. Àwọn rọ́bà aṣọ́ẹ̀mí ti wọ ọrùn àti apá rẹ̀, awọ ara sì ti hù bò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé nígbà tí gbohùngbohùn tún ń béèrè ìyá wọn; Amọ̀nà ló ti ń fi ohùn rẹ̀ kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, ó ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí búréèkì, ó ń gbọ̀n.

Ìbídùn wo ẹsẹ̀ náà, ó sì yé e. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń dé ìkòríta ilé-ìwòsàn ni ọmọ yìí ti ń fi ìwọ̀nba okun tó kù fún un tẹ búréèkì. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló dẹ̀ ẹ́ kó má baà mú mọ́. Ó pariwo ẹkún, ó di ẹsẹ̀ náà mú.

Nígbà tí Ìbídùn pè é lórí rédíò, Ọ̀mọ̀wé kò jiyàn mọ́. Ó ní ibà lásán ló kọ́kọ́ ṣe é, ilé-ìwòsàn ì bá sì wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ohun tí Amọ̀nà ń pè nílé ni ibi tí ẹrù bá ti tán, ẹrù kò sì tán rí. Bí wọ́n bá ti sọ ti òkè kalẹ̀, ti ìsàlẹ̀ ti ń dúró. Ó bẹ Ìbídùn pé kó má fa rọ́bà yọ, nítorí àbúrò rẹ̀ yóò kú lójú ẹsẹ̀.

Ìbídùn pa rédíò. Ó ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀.

“Dárí jì mí, àbúrò mi. Èmi ni mo dẹ búréèkì, mi ò mọ̀. Bó o bá fẹ́ kí n tú ọ sílẹ̀, tẹ ọwọ́ mi.”

Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ ẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó fa àwọn rọ́bà náà yọ, ó gbé e lé itan rẹ̀ lórí àpáta. Adéọ̀ṣun mí bíi mélòó kan, èémí ti ara rẹ̀, kò sì mí mọ́. Ẹ́ńjìnnì agunkè kú. Òkè dákẹ́ rọ́rọ́, Ìbídùn sì ń sunkún ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ pọ̀.

Baálẹ̀ mú rédíò, ó tàn án. Ó ní kí Ọ̀mọ̀wé sọ òótọ́ fún òun, awakọ̀ mélòó ló tún wà nírú ipò yìí? Ọ̀mọ̀wé ní mẹ́rin. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kó tó dárúkọ wọn: Àtọ́batẹ́lẹ̀, Olówólàgbà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹfúnyẹlá. Ó wá dákẹ́.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Baálẹ̀ bí ń wa agunkè lápá ìlà-oòrùn òkè.

“Ó ku ẹnì kan,” ni Baálẹ̀ wí. “Ta ni?”

“Baba, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná.”

Baálẹ̀ Fátúnàṣẹ jókòó sórí òkúta.