Orúkọ Dáúdà Nínú Ẹ̀rọ

Ìbínú ni Mùsílímátù fi kí Oríyọmí ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kan ara wọn.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ wá tún ẹ̀rọ ṣe láti Ìkòròdú? Ẹ jókòó, kí ẹ wo ìyà tó ń jẹ wá."

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Mùsílímátù. Òun ni alábòójútó ibùdó tí ilé-iṣẹ́ wọn ti ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja létí ọ̀sà. Ìkòròdú ni olú ilé-iṣẹ́ wà. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ń kọ orúkọ ẹlẹ́ja sílẹ̀, èkejì ń pín yìnyín, ẹ̀kẹta ń pín ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì sí èyí tó gbọ́ ohùn èkejì nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mùsílímátù ń tẹ ohun kan náà lójoojúmọ́, yóò sì tún fi fóònù pe Ìkòròdú.

Oríyọmí kò jiyàn. Ó fa àga, ó ń wo bó ti ń ṣiṣẹ́ títí ọ̀sán fi pọ́n, kó tó lanu sọ̀rọ̀.

"A kò ní kó ẹ̀rọ kankan dànù. Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe ni a ó sọ di iṣẹ́ tí àwọn yòókù lè bẹ̀ ẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni yóò máa dáhùn pé, 'Ta ló ni ẹja yìí?' Ẹ̀rọ yìnyín yóò béèrè níbẹ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀ náà yóò béèrè níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ má sọ mí di arúgbó o!"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Oṣù mẹ́jọ ni Oríyọmí fi ń ti Ìkòròdú wá sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tètè parí, wọn a jókòó létí omi, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ ilé ara wọn. Ọjọ́ kan ni Mùsílímátù sọ fún un nípa Dáúdà, bàbá bàbá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà, tó sì kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ Dáúdà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń fi ọkọ̀ ojú omi tó fi sílẹ̀ pẹja, olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni yòówù kó wà nínú rẹ̀, Ọkọ̀ Dáúdà ni gbogbo etí omi ń pè é, orúkọ Dáúdà náà ló sì wà nínú ẹ̀rọ.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ó dùn mí pé n kò mọ̀ wọ́n," ni Oríyọmí wí, ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó sì bá a nu omijé nù.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ fi í ṣe aya. Bísíríyù, bàbá Mùsílímátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Dáúdà, gbà. Wọ́n mú ọjọ́ Àìkú kan fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Àìkú náà ni ètò tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe Mùsílímátù sí Ìkòròdú kí ó wá fojú rí i. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ló kan Bísíríyù láti wa ọkọ̀, ẹja sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó dé ẹnu ọ̀nà ibùdó, ẹ̀rọ ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Dáúdà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní yìnyín, ẹ̀rọ yìnyín béèrè níbi kan náà, ìdáhùn kan náà ló gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù náà kọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀rọ kan bá gbàgbé, òmíràn a rántí. Ní báyìí tí wọ́n ti fi ẹnu kò, gbogbo wọn ló jọ tì í síta.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni ẹ̀ṣọ́ wí lójú gbogbo apẹja. "Ìkòròdú ní Dáúdà ti kú, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀."

"Ta ni kò mọ̀ pé ó kú? Ṣebí èmi ni mo sin ín!"

Oòrùn ba gbogbo ẹja náà jẹ́.

Bísíríyù pe Mùsílímátù lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mùsílímátù kọjú sí Oríyọmí láàárín ọ́fíìsì.

"Ta ló sọ fún ẹ̀rọ yín pé bàbá bàbá mi ti kú?"

Ojú Oríyọmí yí padà. "Ìfẹ́ mi, wọ́n ní kí n yọ orúkọ òkú kúrò. Mo rántí ohun tí o sọ, mo wá rò pé..."

"Má pè mí ní ìfẹ́ rẹ! Ọ̀rọ̀ tí mo fi omijé bá ọ sọ ni o gbé wá sí ọ́fíìsì! O kọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta láti máa bi ara wọn léèrè, ìwọ alára kò mọ bí a ti í bi ènìyàn léèrè!"

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Bísíríyù ní ẹni tó sin bàbá òun lẹ́ẹ̀kejì kò ní tẹ ilé òun lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá Oríyọmí náà fèsì láti inú ẹ́sítéètì wọn, àdúgbò olówó: "Ṣé torí kọ̀ǹpútà la ó ṣe máa dọ̀bálẹ̀ fún apẹja? Obìnrin kún Ìkòròdú!"

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ̀gá Festus, alákòóso ilé-iṣẹ́, pe Oríyọmí àti Mùsílímátù. Ó ti kọ lẹ́tà sí àwọn apẹja pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi, pé wọn kò fi orúkọ tó péye sílẹ̀. Ó ti bébà náà síwájú Oríyọmí.

"Fọwọ́ sí i."

"N kò ní fọwọ́ sí i, sà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹlẹ́ja níbẹ̀, kì í ṣe ènìyàn. Èmi ni mo kọ́ ẹ̀rọ láti máa wá ènìyàn."

"O mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ lórí ohun tí ò ń sọ yìí?"

"Mo mọ̀, sà. Ibi tí a ti ń dáhùn pé ta ló ni ẹja, ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ Mùsílímátù. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má yí i padà. Àwọn tó ń ṣòwò ló mọ òwò. Ẹ̀yìn wọn ló yẹ kí ẹ̀rọ máa tọ̀."

Festus lu tábìlì. "Lọ fi ẹnu ara rẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn! Bí wọn kò bá kó ẹja wá fún wa mọ́, ìwọ náà má padà wá síbí!"

Inú ṣì ń bí Mùsílímátù. Ṣùgbọ́n ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ náà padà.

Ọjọ́ Àìkú tó yẹ kí ẹbí pàdé ẹbí, Oríyọmí nìkan ló dé etí omi Ẹ̀pẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn tútù níwájú Bísíríyù.

"Bàbá, èmi ni mo pa orúkọ bàbá yín rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ. N kò béèrè, ìdí rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ wo àna wa!" ni apẹja kan kígbe. "Ẹja ló bàjẹ́, òun ló ń rùn!"

Bísíríyù kò rẹ́rìn-ín. "Orúkọ náà ńkọ́?"

"Ọkọ̀ Dáúdà ló wà níbẹ̀ báyìí, sà. Ẹni yòówù nínú ilé yín tó bá wà á dé, ilẹ̀kùn yóò ṣí."

Bàbá kọjú sí Mùsílímátù, tó dúró láàárín àwọn apẹja. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé o ti dárí jì í ni?"

"Rárá o!"

Àwọn apẹja bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi náà kò tíì dárí jì í," ni Bísíríyù wí. "Dìde, ìwọ. Sọ fún ìyá rẹ pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Àìkú tó ń bọ̀. Inú yóò ṣì máa bí mi, ṣùgbọ́n n ó wà nílé. Ní báyìí, bọ́ bàtà, wá bá wa fa ọkọ̀."

Oríyọmí bọ́ bàtà sílẹ̀ létí omi, ó wọ inú omi tòun ti ṣòkòtò ọ́fíìsì, ó sì gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

Mùsílímátù dúró, ó káwọ́ mọ́ àyà. Ó ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé omi ń bọ̀ wá bá bàtà Oríyọmí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó he bàtà náà, ó sì gbé e lọ síbi gbígbẹ.