Ìjẹ́wọ́ Ọmọ Télọ̀

Ọmọkùnrin kékeré náà jẹun, ó ta bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri títí ìyá rẹ̀ fi lé e wọlé, ó sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ jí i pé kó wá wẹ̀, ó ti tutù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kò sí ibà, kò sí ọgbẹ́, kò sí ohun téèyàn lè nàka sí.

Bí ayé kò bá sì rí ohun tí wọn yóò nàka sí, wọ́n á wá ẹni tí wọn yóò nàka sí. Télọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ náà. Ọdún yẹn kò sàn án: ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjì ti dẹnu kọlẹ̀, oyún bà jẹ́ lára ìyàwó rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti ń gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ náà obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Àgbà, di gbogbo rẹ̀ ní ẹrù kan, ó wá orí tí yóò gbé e rù.

"Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkú?"

"Èmi ni, mà," ni ọmọbìnrin náà dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

"Ṣebí ìwọ náà lo sọ pé o lá àlá tí omi gbé e lọ?"

"Mo lá a, mà."

"Ẹ gbọ́ o. Ẹnu ara rẹ̀ ni."

Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Àgbà kò ti jẹ́ kó sùn mọ́. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí láàárín pálọ̀. Bí orí rẹ̀ bá ti ń tẹ̀, wọ́n á da omi sí i lójú, wọ́n á ní kó dárúkọ ẹgbẹ́ àjẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ kan máa ń bà sórí páànù ilé náà, á máa ha èékánná gàràgàrà. Bó bá ti bà, Àǹtí Àgbà á ní, "Wọ́n ti wá pè é." Nígbà tó yá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí ẹyẹ ń wí. Orúkọ òun ló ń pè.

"Èmi ni mo pa á," ló wí níkẹyìn, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun lòun jẹ ẹran inú ìkòkò.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò jẹun, kò wẹ̀. Ó ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n má sún mọ́ òun, kí ọwọ́ òun má baà pa wọ́n. Ọjọ́ tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, wọ́n sì fi í sí wọ́ọ̀dù àwọn ọ̀dọ́.

Yàrá gígùn ni wọ́ọ̀dù náà, bẹ́ẹ̀dì onírin ló wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Oògùn láàárọ̀, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú dókítà lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn ọmọ á fọ abọ́. Dókítà náà, obìnrin tí kì í kánjú, kò sọ fún un rí pé irọ́ ló ń pa.

"Ẹyẹ yẹn ńkọ́ lónìí?" ló máa ń bi í.

"Ohùn rẹ̀ ti ń jìnnà, mà."

Àwọn ọmọ yòókù gbọ́ ìdí tó fi wà níbẹ̀, wọ́n sì ń yà fún un. Ẹyọ ọmọbìnrin kan ni kò yà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. "Àjẹ́ tí kò lè fò lọ ra búrẹ́dì wá fún wa," ló wí, "àjẹ́ wo nìyẹn?" Ọmọ télọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bá òun gan-an lójijì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jọ ń fọ abọ́. Abọ́ ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín já bọ́, ojú rẹ̀ yí sókè, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti pa á," ni àwọn tó kù ń wí. "Àjẹ́ yìí ti pa á." Ọmọkùnrin kan fi igi ìfọlẹ̀ ti ọmọ télọ̀ sí kọ̀rọ̀. Kò jà. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó yí Ẹlẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́, ó ká aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́. Wárápá ni, ó ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Á parí."

Ó sì parí. Ẹlẹ́rìn-ín lajú, ó béèrè ẹni tó fọ́ abọ́.

Láti kọ̀rọ̀ ni ọmọ télọ̀ ti sọ̀rọ̀. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, báyìí náà ni àbúrò mi máa ń ṣe. Mọ́mì ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni."

Dókítà ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé. Nínú ọ́fíìsì, ó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tó kú lọ́wọ́ ìyá.

"Ó ń lo oògùn. Inú tíì ni mo ń lọ̀ ọ́ sí, kí bàbá rẹ̀ má baà mọ̀. Àìsàn yẹn wà nílé tiwa. Wọ́n á ní èmi ni mo gbé e wọlé wọn. Nígbà tí mo rí i pé ara rẹ̀ ti yá, mo dá a dúró."

"Nígbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kú yẹn gan-an."

"Wárápá lè pa ọmọ lójú oorun," ni dókítà wí, "pàápàá tí oògùn bá dúró lójijì. Ẹnikẹ́ni ò fò wọlé wá pa á."

Télọ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Àǹtí Àgbà tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́wọ́? Ẹni tí kò ṣe nǹkan kì í jẹ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ ní tí mo bá ti jẹ́wọ́, ẹ máa jẹ́ kí n sùn, mà," ni ọmọbìnrin náà dáhùn.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dárí jì mí, ọmọ mi. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ṣé ẹ máa sọ ọ́ fún àdúgbò, Mọ́mì? Bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí yìí?"

Ìyá náà wo Àǹtí Àgbà. "Díẹ̀díẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ọmọbìnrin náà yọ ọwọ́ rẹ̀. "Tí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, kí ẹ wá mú mi."

Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń wá wò ó. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, tí wọ́n ní kó máa lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló lọ ń gbé. Títí di òní, bó bá ń gba iwájú ilé wọn kọjá, àwọn obìnrin àdúgbò á máa pe ọmọ wọn wọlé. Ìyá rẹ̀ á wà láàárín wọn lẹ́nu ọ̀nà, kò ní wí nǹkan kan.