Ẹkùn Tó Jáde ní Ìbàfò

Ummulkhair dojú bolẹ̀ nínú koríko lẹ́yìn ilé wọn ní Ìbàfò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó lọ sílé ìwé, ó gbé fóònù sójú, kò mí. Níwájú rẹ̀ ni ológbò pupa Alhaja Sàúdátù, aládùúgbò wọn, dùbúlẹ̀ sí, ó ń lá ẹsẹ̀. Ológbò náà kò mọ̀ pé òun ti di ẹkùn. Tìróò ìyá Ummulkhair ni ọmọbìnrin náà fi tò ó ní àmì dúdú dúdú láti ọrùn dé ìrù, ẹja gbígbẹ ló sì fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà.

Ìdíje ló fà á. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò nílé ìwé wọn, ti ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ya ẹranko ìgbẹ́ kan níbi tó ń gbé. Ẹni tó bá borí yóò bá àwọn ayafọ́tò kan lọ sí igbó kìnnìún ní Òkè Ọya. Stella, ọ̀rẹ́ Ummulkhair, ti ya ọ̀kẹ́rẹ́. Ummulkhair ti fi ọ̀sẹ̀ méjì wá ẹranko kiri, kò rí nǹkan kan.

Ó fi fọ́tò náà sórí Wásáàpù kíláàsì, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹkùn tí mo rí lẹ́yìn ilé wa." Nítorí pé ilẹ̀ ló ti yà á, koríko rí bí igi, ológbò sì rí bí ohun tó lè gbé ọmọ màlúù mì.

Ohun tí kò rò ni pé àwọn ọmọ kíláàsì ní òbí, àwọn òbí sì ní fóònù. Kó tó di ọ̀sán, fọ́tò ti dé Mágbòrò àti Mówè. Ẹnì kan ní ẹkùn náà ti pa ewúrẹ́ mẹ́ta. Ẹlòmíràn ní méjì ni wọ́n, takọtabo. Àwọn òbí sáré wá kó ọmọ wọn nílé ìwé. Ìyá Ummulkhair, tó ń ránṣọ, ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ mú un wálé, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ dí ilẹ̀kùn.

"Ọlọ́run ló kó ẹ yọ," ni ìyá rẹ̀ ń wí. Ummulkhair fẹ́ jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń pe gbogbo ẹbí ní Ìwó, ó ń ròyìn bí ọmọ òun ṣe láyà tó. Ìyẹn dùn mọ́ ọn. Ó panu mọ́.

Láago méjì, Bàbá Sùlèímọ́nù, olórí ọdẹ, kanlẹ̀kùn pẹ̀lú ọdẹ márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí tẹ̀ lé wọn.

"Ọmọ mi, mú wa lọ síbi tó o ti rí i. Ṣé ó tóbi?"

"Kò... kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, Bàbá."

"Báyìí làwọn tó láyà ṣe ń sọ̀rọ̀," ni ọdẹ kan wí.

Wọ́n dé ẹ̀yìn ilé. Koríko mì. Ìbọn mẹ́fà gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí náà gòkè, ó ti wà lórí ògiri. Ológbò yọjú, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fún un lẹ́ja, ó sì ń sáré bọ̀.

Ummulkhair kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ́ síwájú ìbọn, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má yìnbọn. Ológbò Alhaja ni. Èmi ni mo fi tìróò kùn ún."

Ológbò dé, ó ní "ńyáù," ó ń fara nu ìbọ̀sẹ̀ funfun Ummulkhair títí ìbọ̀sẹ̀ náà fi dúdú.

Bàbá Sùlèímọ́nù gbé ìbọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìka mi ti fẹ́ yìnbọn," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Díẹ̀ ló kù, ìwọ ni ǹ bá pa."

Kò pariwo, ìyẹn ló sì pa Ummulkhair lẹ́kún. Látorí ògiri ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúnkànmí ti ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá rẹ̀ mú un dé gbogbo ojúlé àdúgbò, ó ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ummulkhair fi wẹ ológbò, èyí tó ha á lọ́wọ́ méjèèjì. Stella àti ọ̀kẹ́rẹ́ rẹ̀ ló borí.

Nígbà tí Stella dé láti Òkè Ọya, fọ́tò kan ṣoṣo ló mú bọ̀: ìdí kìnnìún tó ń wọ inú koríko lọ.

"Ọjọ́ mẹ́rin la fi dúró dè é," ó wí. "Mo fi méjì nínú wọn sùn."

Gbogbo kíláàsì tò láti wo ìdí náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá òótọ́ ni. Ummulkhair wò ó pẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó yé e pé irọ́ tí òun pa kí wọ́n lè yin òun ì bá ti gba ẹ̀mí, àti pé bó ti wù kí ohun tí èèyàn ní kéré tó, bó bá ti jẹ́ òótọ́, ó tó fi hàn láwùjọ.