Ẹni Tí Mítà Kò Rí

Abẹ́rẹ́ mítà kò mira nígbà tí ọkọ àbúrò mi wọ yàrá àyẹ̀wò. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo pa mítà, mo tún un tàn. Ó ṣì dúró gbagidi, bí ìgbà tí yàrá bá ṣófo.

Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ẹ̀rọ oníná wò kó tó dé ọjà. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń tú ìgbì tí ojú kò rí jáde. Èyí tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù á máa da ẹlòmíràn láàmú. Èyí tí kò bá lè fara da ti ẹlòmíràn á kú lójijì. Èyí tó bá yege là ń fún ní ìwé ẹ̀rí. Irin ni ògiri yàrá náà, a sì fi fóòmù dúdú ṣóńṣó bò ó nínú bí ẹ̀yìn òòrẹ̀, kí ìgbì má baà ta padà. Bí ènìyàn bá wọ ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ríà, irin tó ń ju ìgbì sínú yàrá, ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ á gba díẹ̀ nínú ìgbì, abẹ́rẹ́ á sì wálẹ̀. Ológbò wọ ibẹ̀ rí, mítà mọ̀.

Afínjú là ń pe ọkọ àbúrò mi, torí kì í jẹ́ kí eruku bà lé bàtà rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ èémí aláìsàn lórí ibùsùn ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní kó gbé wá. Òun náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn lọ́dún tó kọjá, tí dókítà ti ní ká gba kámú, àfi bó ṣe dìde jókòó lójijì tó ń béèrè bàtà rẹ̀. A yọ̀, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó jáde, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí?"

"Kò sí o," ni mo dáhùn.

Mo ní kó padà lọ yí ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé kékeré bó ṣe bẹ̀rẹ̀, tó fọwọ́ kan tábìlì. Abẹ́rẹ́ kò mira. Nígbà tó jáde, mo wọlé fúnra mi, mo ní kí akẹgbẹ́ mi bá mi wo mítà.

"Ó wálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe," ló wí.

Mítà kò ṣàìsàn.

Àbúrò mi, tó bá a wá, jókòó sí yàrá àlejò. Mo ní kó wá wo ibi iṣẹ́ mi.

"Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀?" Afínjú bi mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.

"Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Mo mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, n kò sọ ohun tí mò ń wò fún un, mo jáde lọ sídìí mítà. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ó kọjá ibi tó ń dúró sí fún ẹnì kan, ó lọ dúró síbi tó ń dúró sí fún ènìyàn méjì. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé o lóyún ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi." Ó di ọwọ́ mi mú. "Mítà yín rí méjì, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ọkọ mi ti lọ, mo dì mọ́ ọn. Mo ní bí kò bá níbi tí yóò gbé mọ́, kó wá máa gbé ara mi. Ó gbọ́ mi. Ọkọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n lára."

"Afínjú tó wà níta ńkọ́?"

"Torí rẹ̀ ni mo ṣe ní ọ̀dọ̀ yín ni kó gbé ẹ̀rọ náà wá." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìrísí ọkọ mi ló ní. Èmi ò mọ ẹni náà."

Nígbà tá a jáde, Afínjú ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò béèrè bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ yege.

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó lẹ kà?"

"Ẹnì kan," ni mo purọ́.

Ó tẹjú mọ́ àyà ìyàwó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Ilé mi ni àbúrò mi ń gbé báyìí. Bó bá ń fọ abọ́ lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí ohùn ọkùnrin sì ń dá a lóhùn láti inú àyà rẹ̀. N kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn yé. Ṣùgbọ́n láná, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa, ohùn náà sì là ketekete:

"Má ṣí i. Èmi ló ń wá kiri."